Ẹrù Wa Lẹ́yìn Odi: Láti Àpótí Onírin dé Ghana-Must-Go

Àwọn ọmọ wa ti ń háyà yàrá báyìí láti kó ẹrù pamọ́ sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ bí àwọn bàbá àti ìyá wa ṣe ń di ẹrù, torí ọ̀rọ̀ ẹrù kì í ṣe kékeré fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní nǹkan bí 1912, àwọn ará wa láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin tẹ̀ lé e wá, wọ́n sì wà lára àwọn tó kún Sábon Gàrí. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ ń gbé tìyàwó tọmọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni sítọ́ọ̀ wọn. Wọ́n á to àpótí onírin lérí ara wọn lórí bíríkì kí ikán má baà rí ọ̀nà. Aṣọ òkè àti àrán á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú kánfọ̀, aṣọ ojoojúmọ́ á wà lókè. Abọ́ tánganran ńkọ́? Èyí tó tóbi á gbé èyí tó kéré mì, wọ́n á fi ìwé ìròyìn sáàárín. Etí ìró ìyá ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà.

1969 ló wá kọ́ Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Àwọn ará wa ti pẹ́ ní Tamale, Kumasi àti Accra, àwọn mìíràn ti rí ọmọ ọmọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ló lè di ẹrù ogún ọdún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù di owó pọ́ọ́kú, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n di àwátì. Àwọn kan ti yàrá pa tẹrùtẹrù, wọ́n fún aládùúgbò ọmọ Ghana ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́rì gba Togo àti Dahomey (ìyẹn Benin òní) bọ̀ wálé, kò sì sáyè fún bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àgbà tó bọ̀ máa ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ ìránṣọ làwọn kọ́kọ́ gbé, torí òun ni yóò bọ́ ẹni níbikíbi téèyàn bá balẹ̀ sí. Aṣọ ìnáwó lè kù sẹ́yìn. Àwa gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn kan nínú wọn ò pẹ́ nílé tí wọ́n fi wá bá wa lókè ọya níhìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ìgbà yẹn ni àpò Ghana-Must-Go gba orúkọ. Rárá o. Oṣù kìíní 1983 ni, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí ọmọ Ghana sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò náà fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń gba ẹrù. Inú ẹ̀ làwọn náà kó ayé wọn sí. Ta ló mọ̀ bóyá ìyá ẹnì kan nínú wọn ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá wa lọ́wọ́ ní 1969?

Nílé tiwa, ìwé ilẹ̀, sàtífíkéètì àti fọ́tò àwọn òbí kì í wọ àpótí ńlá. Àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ààyè wọn.

Ẹni tó bá ṣì ní àpótí tó ti Ghana bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ìlú tó ti wá sí i.