Ẹ̀ka-Èdè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: Àdánù Tí A Kò Kà Sí Àdánù

Tí ọ̀rọ̀ èdè tó ń kú bá délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a máa ń di ẹ̀bi rù. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá-ìyá wọn mọ́ ṣì ń sọ Yorùbá tó já gaara, àmọ́ Yorùbá ilé-ìwé àti ti ìgboro Èkó ni. Yorùbá ló gba ipò Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ké gbàjarè.

Àwọn onímọ̀ èdè ka ohùn Ìjẹ̀bú, tó bá ti Rẹ́mọ àti Ìkòròdú tan, mọ́ ẹ̀ka gúúsù ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe lọ́dún 1967, ọ̀kan nínú àmì ẹ̀ka yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè dúró fún “ẹ” àti “wọ́n”. Ní apá Ọ̀yọ́, ó jọ pé “ẹ” tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni kò jẹ́ kí méjèèjì di ọ̀kan. Ẹni tó bá fi etí Ọ̀yọ́ gbọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú lè ní kò mọ ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ gírámà ìlú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Ti Ẹ̀pẹ́ tún ní àkànṣe tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ forí lé. Ọdún 1862 ló tó padà. Àwọn tó dúró di Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń ṣe ọdún Kayokayo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ìtàn ohùn méjì ló wà létí ọ̀sà kan ṣoṣo.

A kò lè sọ pé wọn ò kọ ohùn Ìjẹ̀bú sílẹ̀ rí. Osifekunde, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Mákun létí omi, bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè ojú omi lọ́dún 1820, wọ́n sì tà á dé Bùràsíì. Nígbà tó dé Paris, onímọ̀ ará Faransé kan, d'Avezac, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú tó gbà sílẹ̀ jáde lọ́dún 1845. Koelle, tó jẹ́ míṣọ́nnárì, náà fi ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú sínú ìwé rẹ̀ ní 1854. Odindi Bíbélì Yorùbá kò tíì jáde nígbà náà. 1884 ló parí. Àmọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé tí Crowther, ọmọ Òṣogùn tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì náà, fi lélẹ̀ láti 1843, èyí tó fara mọ́ ohùn Ọ̀yọ́, ni ilé-ìwé gbé rù, èdè Faransé sì ni wọ́n fi kọ ìwé Paris.

Lọ́dún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé ni olùkọ́ ní lọ́wọ́, òun náà ni yóò kọ́ni.

Irú ọ̀ràn yìí, pé àkọsílẹ̀ wà àmọ́ ilé-ìwé kò gbé e rù, ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń sọ èdè Wakashan ní etíkun Kánádà. Franz Boas, onímọ̀ nípa àṣà, àti George Hunt, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé lórí Kwak'wala, ọ̀kan nínú àwọn èdè náà, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ yẹn kò dá ìrẹ̀yìn èdè náà dúró, torí pé ilé-ìwé ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ ọ́. Ìyàtọ̀ dé nígbà tí onílé gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara wọn: wọ́n ṣí ilé àṣà U'mista ní Alert Bay lọ́dún 1980, láti 2003 sì ni FirstVoices, ojúlé kan lórí ayélujára, ti ń jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa ṣàkóso ohùn àgbà rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀.

Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀: wọ́n ń kọ́ olùkọ́ ní Nóforíjà, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀ lè gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ kó tó gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ̀dà kan sì wà ní ààfin. Ìyẹn nìkan kò ní sọ ẹ̀ka-èdè náà di èdè ọjà padà, nítorí Ìkòròdú ti di ilé gbogbo ayé. Ohun tí yóò ṣe ni pé olùkọ́ tó bá ti jókòó ti àgbà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní tètè fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìwé ọmọ.