Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Kò Lè Bi Dókítà Léèrè

Aago méje alẹ́ ti lù kọjá nígbà tí fóònù dún ní wọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó pè ní dókítà Smith lòun, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó gbé e kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kó lọ wò ó bóyá oògùn kan tó ń jẹ́ Astroten wà níbi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ó wà. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mílígíráàmù 10 ni òpin ohun tí aláìsàn lè lò lóòjọ́. Dókítà ní kó fún aláìsàn kan ní 20, òun ń bọ̀ wá fọwọ́ sí i.

Charles Hofling, oníṣègùn ọpọlọ, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣètò ìpè náà láti fi dán nọ́ọ̀sì wò. Gúlúkóòsì lásán ló wà nínú páálí. Òfin ilé ìwòsàn kò gba kí wọ́n fi fóònù pàṣẹ oògùn. Síbẹ̀, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1966 fi hàn pé nínú nọ́ọ̀sì 22 tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀, 21 ló ti ka oògùn sọ́wọ́ kí wọ́n tó dá wọn dúró.

Àìmọ̀kan kọ́. Nígbà tí wọ́n kàn ròyìn irú ìpè bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì 12 mìíràn, 10 ló ní àwọn kò ní fún aláìsàn lóògùn náà. Ṣùgbọ́n orí ìjókòó làwọn yẹn ti dáhùn, kò sí dókítà létí wọn. Àwọn tí wọ́n pè ní wọ́ọ̀dù ṣàlàyé pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì, inú sì máa ń bí dókítà bí nọ́ọ̀sì bá janpata. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: ìbínú ọ̀gá ti kọ́ wọn láti pa ohun tí ojú wọn rí mọ́ra.

Ní 1967, Dókítà Leonard Stein kọ̀wé nípa ọgbọ́n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dá sí i. Nọ́ọ̀sì tó mọ oògùn tí aláìsàn nílò kò gbọdọ̀ là á mọ́lẹ̀. Yóò máa pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ títí dókítà yóò fi rò pé inú òun ni èrò náà ti wá. Ìlàágùn ńlá nìyẹn, nígbà tí ẹni tó ń jẹ̀rora wà lórí ibùsùn.

Àwọn olùṣèwádìí Rank àti Jacobson tún ìdánwò Hofling ṣe ní 1977. Valium, tí nọ́ọ̀sì mọ̀ dáadáa, ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú 18, 2 péré ló fẹ́ ṣe ohun tí dókítà wí.

Ó di oṣù Keje 2008 kí Joint Commission, àjọ tó ń fòǹtẹ̀ lu ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, tó kìlọ̀ gbangba pé jíjágbe mọ́ni, ìfojútínrín àti kíkọ̀ láti dáhùn ìbéèrè lè fa àṣìṣe ìtọ́jú. Dókítà nìkan kọ́ ni wọ́n bá wí. Nọ́ọ̀sì, apoògùn àti alákòóso wà níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2009, ó di dandan kí ilé ìwòsàn ní òfin ìwà lákọsílẹ̀. Àjọ náà tún fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n gbà pé ilé ìwòsàn máa ń fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ dókítà tó bá ń pawó gidi wọlé. Ó ní kí òfin náà mú gbogbo wọn bákan náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ̀san lára ẹni tó bá fẹjọ́ sùn.