Àkọ̀ Ọ̀bẹ ní Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àkọ̀ ọ̀bẹ ṣe rí láyé àtijọ́ ní ìhà Kétu, Pobè àti Sakété, orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère igi tí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé lérí, ni kó lọ wò. Awọ kì í pẹ́ ní ilẹ̀ olómi bẹ́ẹ̀. Òjò a mú kó bu, ikán a jẹ ẹ́, èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ajá a gbé e sá lọ. Igi máa ń pẹ́ jù ú lọ, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì bá wa tọ́jú ohun tí awọ kò lè tọ́jú fúnra rẹ̀. Lára àwọn ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ní agbègbè yìí, oṣù tuntun wà níbẹ̀ tí ọ̀bẹ tó wà nínú àkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tírà tí wọ́n fi awọ bò sì wà lára àwọn mìíràn. Henry Drewal àti Margaret Drewal, tí wọ́n gbé ìwé ńlá kan jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, kíyè sí irú àmì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò gbẹ́ ọ̀bẹ ní ìhòhò. Ó gbẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i ní ìbàdí ọdẹ àti lọ́wọ́ ìjòyè.

Ẹ jẹ́ ká mú Onigbolo ṣe àpẹẹrẹ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè, ní ẹkùn Plateau, lápá gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin. Sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀ lónìí, nítorí òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan tí àwọn Faransé ń pè ní Holi, ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe oko, tí wọ́n sì fi ṣe igbó ọdẹ. Ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ náà kì í ṣe ohun àmúṣeré: bí òjò bá ti dá sílẹ̀, ọ̀nà dí nìyẹn. Ẹrẹ̀ yìí kan náà ló dáàbò bo àwọn Ọ̀họ̀rí nígbà ogun Dàhòmì, òun náà ló sì jẹ́ kí apá àwọn Faransé má tètè ká wọn ní àkókò ogun àgbáyé kìíní, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ṣe ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó. Níbi tí ọ̀nà ti le tó bẹ́ẹ̀, tí igbó sì sún mọ́ ilé, ọ̀bẹ kò ní jìnnà sí ènìyàn. Ọ̀bẹ tí kò sì jìnnà sí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò máa gbé, kó má baà gé olówó rẹ̀.

Níbo ni awọ tí wọ́n fi ń ṣe ilé ọ̀bẹ yìí ti ń wá? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ awọ nílẹ̀ wa, nítorí pé ẹran kò wọ́n wa, síbẹ̀ awọ wọ́n wa. Nígbà tí Yorùbá bá pa ewúrẹ́, kì í bó o. Iná ni wọ́n fi ń sun irun rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á títí tí ara rẹ̀ yóò fi mọ́, tawọtawọ ni wọ́n sì máa ń gé e sínú ìkòkò. Ti màlúù náà kò yàtọ̀: pọ̀mọ́ ni awọ rẹ̀ ń dà. Onílù ló máa ń fi tìṣọ́ratìṣọ́ra bó awọ ẹran, torí ó mọ̀ pé láìsí awọ, kò sí dùndún. Ẹni tó fẹ́ ṣe àkọ̀, bàtà tàbí gàárì ní gúúsù, ó ní láti wojú àwọn tó ń bọ̀ láti òkè Ọya.

Òkè Ọya kò sì ṣe ahun. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó rí i pé awọ àgùntàn pupa tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń lọ títí dé Tripoli ní etí òkun àríwá. Omi poroporo ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa á pọ́n. Kó tó di pé a pa á láró rárá, iṣẹ́ ti pọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú kí irun rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí igi tó ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ eléèkù méjì ha irun àti ẹran tó kù sí i lára kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gún èso bagaruwa, igi tí àwọn alágbo wa mọ̀ sí bọ̀ọ̀nì, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sì fi awọ sínú rẹ̀ kó mu ún dé inú. Bagaruwa ló ń sọ awọ lásán di awọ iṣẹ́. Òun ni kò jẹ́ kó rà, òun náà ló sì ń jẹ́ kó lè gba àmì ọnà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àmì yìí sọ́kàn.

Láti òkè Ọya, Ọ̀yọ́ ni ẹnu ọ̀nà. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin kò sì ṣeé gùn láìsí gàárì, ìjánu àti okùn awọ. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ̀rọ̀ nípa àwọn oníṣẹ́ awọ pé láyé àtijọ́ àwọn fúnra wọn ló ń sè awọ tí wọ́n ń lò. Ó dárúkọ àwọ̀ tí wọ́n ń pa á: dúdú, funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ohun tó tún sọ tó wúlò fún ìtàn wa ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń ṣe gàárì ló ń ṣe àkọ̀ idà àti àkọ̀ ọ̀bẹ, òun náà ló ń ṣe tìmùtìmù, òun ló ń ṣe bàtà. Kò sí pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní nǹkan bí 1836, iṣẹ́ ọnà náà kò ṣègbé sọ́nà. Làbà Ṣàngó, àpò awọ pupa tí àwọn adóṣù ń gbé kọ́ èjìká, ṣì ń jáde láti ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kétu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú ńlá tó sún mọ́ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Samuel Ajayi Crowther dé ibẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1853, nígbà tí odi rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà Akaba Idẹnà ṣì wà digbí. Àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ti wà ní Kétu kí ogun tó fọ́ ọ, tírà tí wọ́n fi awọ rán sì wà lára ohun tí wọ́n mú bọ̀. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé tírà wà lára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òrìṣà kan kò sì sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Lọ́dún 1886, Dàhòmì kó Kétu. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n sì fi ààlà pín àwọn ọmọ ìyá sí méjì. Ọ̀yọ́ bọ́ sápá kan, Kétu, Pobè àti Sakété bọ́ sápá kejì. Ọ̀nà awọ wá di ọ̀nà kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọwọ́ àwọn Ọ̀họ̀rí ṣófo títí tí ẹlòmíràn fi wá kọ́ wọn ní ọnà. Ara ènìyàn gan-an ni wọ́n ń ṣe ọnà sí. Kólò, ọnà wẹ́wẹ́ tí olóòlà ń fín sára, gbajúmọ̀ láàárín wọn débi pé ọ̀dọ̀ wọn ni Henry Drewal ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀ lórí rẹ̀. Abẹ tí wọ́n ń lò ní ẹnu méjì tó pínyà bí ẹ̀ka igi, alágbẹ̀dẹ ló sì ń rọ ọ́. Olóòlà á fín ilà kúkúrú kúkúrú tí kò jinlẹ̀, á tò wọ́n títí wọn yóò fi di àwòrán, á sì fi èédú lílọ̀ pa á kó lè dúdú. Ẹni tó bá ń wò ó á rí i pé gbogbo ẹwà rẹ̀ wà nínú ohun mẹ́ta: kí ilà dọ́gba ní gígùn, kí wọ́n dọ́gba ní jíjìn, kí ọwọ́ má sì wúwo níbi kan ju ibòmíràn lọ. Awọ ààyè kì í gba àtúnṣe. Ọ̀gá tó bá lè fín kólò tó tọ́, kò sí irú awọ ewúrẹ́ tó lè dẹ́rù bà á.

Ohun mẹ́ta yìí náà ni iṣẹ́ àkọ̀ ń béèrè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ó kọ́kọ́ rẹ awọ díẹ̀, kì í ṣe kó máa kán tótó, ìwọ̀nba kó rọ̀ ni. A ó fi sílẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, tí ojú èékánná dúró síbẹ̀, àkókò ti tó. Bí omi bá pọ̀ jù, àmì á rì, á sì tún parẹ́. Bí ó bá gbẹ jù, awọ á ta kú, kò ní gbọ́. A ó gbé e lé òkúta pẹrẹsẹ, a ó gbé òǹtẹ̀ dúró ṣánṣán, a ó sì fi òòlù igi lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Òòlù irin máa ń ta padà, ó sì máa ń ba orí òǹtẹ̀ jẹ́. Àwọn tí kò ní òǹtẹ̀ á fi irin tí ẹnu rẹ̀ kò mú fa ilà, tàbí kí wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ bó ojú aró kúrò, kí awọ funfun ìsàlẹ̀ lè yọ. Ọ̀nà kejì yìí ni ọwọ́ àwọn Hausa àti Tuareg mọ́ jù.

Lẹ́yìn ọnà ni rírán. Níbí ni òwe wa ti wúlò: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni lọ́wọ́ aláwọ. Bí a bá kàn ká awọ po, tí a sì rán an, ẹnu ọ̀bẹ ni yóò máa gé òwú náà lójoojúmọ́ títí àkọ̀ yóò fi là. Nítorí náà ni ọ̀gá ṣe máa ń há awẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín etí méjèèjì, kí ẹnu ọ̀bẹ lè bá awẹ́ náà pàdé kó tó kan òwú. A ó fi irin ṣóńṣó dá ihò lu ṣáájú, kí àlàfo àárín ihò kan sí èkejì lè dọ́gba. Òwú tí a ti fi ìda oyin pa ni a ó fi rán an, abẹ́rẹ́ méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀, inú ihò kan náà sì ni wọ́n ti ń pàdé. Bí òwú apá kan bá já, ti apá kejì á ṣì mú un. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò lè ṣe èyí, òwú rẹ̀ kan já báyìí, ojú rírán náà á máa tú lọ.

Kí ló wá dé tí àkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi wọ́n lónìí? Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ló mú àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àdá òyìnbó, bíi ti Martindale ti Birmingham tó ní àmì ọ̀nì, ni àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rà, kì í sì í ní àkọ̀. Èjìká ni àgbẹ̀ ń gbé e kọ́ lọ sóko. Ọ̀bẹ ọdẹ àti idà oyè nìkan ló kù tó ń wá àkọ̀. Èyí dín iye oníbàárà kù. Ohun tó ba iṣẹ́ ọwọ́ náà jẹ́ jù ni awọ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1884, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè fi oògùn króòmù sè awọ. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ lọ́nà bagaruwa di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀, awọ náà sì rọ̀, omi kì í tètè bà á jẹ́. Irú awọ yìí ló kún ọjà àwọn aránbàtà lónìí, ó sì dára fún bàtà. Ṣùgbọ́n kì í gba òǹtẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ lù ú, bí ó bá gbẹ tán á tún nà padà bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń ra òǹtẹ̀ tó dára, tí wọ́n sì ń dá ara wọn lẹ́bi pé ọwọ́ àwọn kò mọ́ ọn. Ọwọ́ wọn kò ṣẹ̀. Awọ tí wọ́n ń lù ni kò lè gbọ́.

Síbẹ̀, awọ tó lè gbọ́ wà nítòsí wa, bí a kò bá jẹ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba Nàìjíríà ní Zaria dá a lábàá ní 2022 pé kí òfin má jẹ́ ká jẹ pọ̀mọ́ mọ́, ariwo ta. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gba pọ̀mọ́ lẹ́nu wa. Ẹran tí a ń pa ní Pobè, Sakété àti Onigbolo ní ọjọ́ ọdún Iléyá nìkan á tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ àkọ̀, bí a bá lè bó díẹ̀ nínú wọn dípò kí a sun gbogbo rẹ̀. Eérú wà ní gbogbo ilé ìdáná. Bọ̀ọ̀nì wà lórí igbá àwọn ìyá eléwé ọmọ. Alágbẹ̀dẹ tó lè rọ abẹ kólò lè rọ òǹtẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wù, ẹ má kọ́kọ́ wá irin olówó gọbọi láti òkè òkun. Ẹ tọ onílù ìlú yín lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín bí a ṣe ń bó awọ láì dá a lu, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.