Èèrà Tí Wọ́n Ń Fowó Rà

Ẹni tó bá ní òun kì í fín oògùn kòkòrò sí igi eléso ẹ̀yìnkùlé òun, ohun tó sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ti fi igi náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìtàn àwọn olóko ọsàn gúúsù Ṣáínà kò gbè é lẹ́yìn. Ìwé Nanfang Caomu Zhuang, tí wọ́n ní Ji Han ló kọ ọ́ ní ọdún 304, sọ pé wọ́n máa ń ta èèrà lọ́jà níbẹ̀, tòun ti ìtẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀ka tí ìtẹ́ náà so mọ́. Igi ọsàn tí kò bá ní èèrà yìí, kòkòrò ni yóò ba gbogbo èso rẹ̀ jẹ́. Owó ni wọ́n fi ń rà á o.

Àwọn onímọ̀ kan jiyàn pé ìwé náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé àwọn ará ẹ̀yìn ló ṣà á jọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ yọ ọ́ sọnù, ẹ̀rí kò tán: ní nǹkan bí ọdún 1130, Zhuang Chuo kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Àwọn tó ń kó èèrà a máa ki ọ̀rá sínú àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti àgùntàn, wọn a ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. Bí èèrà bá ti rọ́ wọlé, ó di ọ̀dọ̀ olóko. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń na ọparun láti orí igi kan dé òmíràn kí èèrà lè rí ọ̀nà gbà. Ta ni yóò pe èyí ní àìtọ́jú?

Ọmọ ìyá èèrà yìí wà lórí máńgòrò tiwa náà, èyí pupa tó ń fi ewé tútù kọ́lé. Àwọn kan á fa etí ewé méjì pọ̀, òmíràn á gbé ọmọ tó ṣì jẹ́ ìdin sẹ́nu, á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ahunṣọ ṣe ń ju ọ̀kọ̀, òwú tó ń jáde lára ọmọ náà á sì lẹ ewé pọ̀. Wọ́n ní ó ń gé ènìyàn jẹ, òótọ́ ni. Ẹ̀sùn tó wúwo ni pé ó ń da àwọn kòkòrò tó ń fa omi ewé bí darandaran ṣe ń da màlúù, nítorí omi dídùn ara wọn. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: lẹ́yìn tí eṣinṣin èso kan láti Éṣíà wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2004, àwọn onímọ̀ rí i pé ìdin kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú máńgòrò orí igi tí èèrà yìí kún. Kì í ṣe pé ó ń pa eṣinṣin nìkan. Òórùn tó fi sílẹ̀ lára èso pàápàá kì í jẹ́ kí eṣinṣin fẹ́ yé ẹyin síbẹ̀. Ewé tí wọ́n fa omi rẹ̀ ṣì lè yè, máńgòrò tí ìdin kún inú rẹ̀ kò ṣeé tà. Ti àrùn ẹ̀ka àti èèpo, èèrà kò mọ nǹkan kan sí i. Àdá àti ayùn ni ìyẹn ń fẹ́.