Ọ̀rọ̀ Dídùn nínú Òwò Kòkó

Kò sí ọmọ àgbẹ̀ ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà tí kò mọ̀ pé ohun méjì ni olùrakòkó ń gbé wá: òṣùwọ̀n àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojúsàájú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ a máa wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí omi ti í wà nínú kòkó tí a kò sá gbẹ: ojú kò tètè rí i, ṣùgbọ́n ó ń fi kún ìwọ̀n. Ìtàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1937, púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí United Africa Company tóbi jù nínú wọn, bá ara wọn ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní fi owó bá ara wọn du kòkó mọ́, àti pé olúkúlùkù yóò máa gba ìpín gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọn yóò ṣàlàyé rẹ̀, wọn kò wí pé, “A fẹ́ ra kòkó ní ọ̀pọ̀.” Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọjà ṣe ni, kí àwọn alágbàtà má bàa máa ná owó àsansílẹ̀ ní ìnákúnàá. Ẹ kíyè sí i pé èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn alágbàtà mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun olùrà ni wọ́n fi ṣe orí ọ̀rọ̀. Ohun tí yóò dun àgbẹ̀, èyíinì ni pé kò ní rí ibòmíràn tà á sí bí owó kò bá tó, wọ́n fi í sílẹ̀ láìsọ.

Àwọn àgbẹ̀ fún un ní orúkọ mìíràn. Ohun tí olùrà ń pè ní àdéhùn, ìdìmọ̀lù ni wọ́n pè é. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, wọ́n kọ̀ láti ta kòkó fún wọn láti oṣù kọkànlá 1937 títí di oṣù kẹrin 1938. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gbé ìjà náà rù. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbẹ̀ pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ojúsàájú, nítorí pé iye kòkó ti já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní ọdún náà, kì í sì í ṣe àdéhùn náà nìkan ni ó fà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní 1938, tí William Nowell jẹ́ alága rẹ̀, gbọ́ ti ọ̀tún gbọ́ ti òsì. Ó gbà pé àléébù wà nínú ọjà, síbẹ̀ ó ní kí a fa àdéhùn náà ya.

Lẹ́yìn ogun, ní 1947, a dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó ti Nàìjíríà sílẹ̀. A ní alágbàtọ́ ni yóò jẹ́ fún àgbẹ̀: bí ọjà bá dára, yóò fi díẹ̀ pamọ́, bí ọjà bá burú, yóò fi èyí tí ó pamọ́ gbé owó ró. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìgbìmọ̀ ń pè ní àṣẹ́kù, owó tí kò dé ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Lẹ́yìn 1954, nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú owó náà lọ sí iṣẹ́ ìjọba. A kò lè sẹ́ pé ìlú jẹ nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí a ní a ń pa á mọ́ fún kọ́ ni ó pinnu bí a óò ti ná an. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí owó kòkó kò sì tó, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní àwọn abúlé wa. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ dídùn kò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ní oṣù kẹwàá 1969 ni a dín owó orí kù sí £2. Ní 1986 ni a tú àwọn ìgbìmọ̀ títa kòkó ká.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí oníṣòwò kan bá sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún yín, ẹ má ṣe yára pè é ní òpùrọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ọwọ́ ta ni òṣùwọ̀n wà? Kí ni orúkọ tí ẹni kejì yóò pe ohun kan náà? Kí sì ni ẹni yìí fi sílẹ̀ láìsọ? Bí a bá ń sá ọ̀rọ̀ sí oòrùn bí a ti ń sá kòkó, omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, a ó sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.