Fúláàṣì Tí A Fi Ń Gbé Ètò Ìṣiṣẹ́ Sórí Kọ̀ǹpútà

Fúláàṣì tó ń búùtù ni fúláàṣì USB tí a ti tò lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè gbéra láti orí rẹ̀, láìwo ti háàdì dísìkì tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Òun ni wọ́n fi ń gbé Windows tàbí Linux sórí kọ̀ǹpútà, òun náà ni wọ́n fi ń yọ fáìlì jáde nínú láàpútọ́ọ̀pù tí ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti gbéra. CD ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí Phoenix àti IBM gbé ìlànà El Torito jáde ní 1995. Fúláàṣì dé ọjà ní 2000, ṣùgbọ́n MB 8 péré ni èyí tí IBM kọ́kọ́ tà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ rò pé kí àwọn ṣáà ti kọ́pì fáìlì ISO, ìyẹn ẹ̀dà odidi dísìkì nínú fáìlì kan, sínú fúláàṣì, ó parí. Kò parí. Kọ̀ǹpútà tó ń jí lọ́wọ́ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ISO. Ibi pàtó kan ló máa ń wò. Báìtì 512 àkọ́kọ́ ni BIOS, ètò àtijọ́ tó ń jí kọ̀ǹpútà, ń kà, bí kò bá sì rí àmì 55 AA ní ìparí wọn, á kọjá síbòmíràn. UEFI tòde òní tó rọ́pò rẹ̀ ń wá fódà EFI ní tirẹ̀, á wọ inú BOOT, á sì gbé fáìlì bootx64.efi. Ọ̀nà ìtòfáìlì tó ń jẹ́ FAT32 ni UEFI gbọ́dọ̀ lè kà, ibẹ̀ sì ni Windows ti ń fa wàhálà: FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó tó GB 4, bẹ́ẹ̀ install.wim inú Windows sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́. Rufus, ètò tí Pete Batard gbé jáde ní 2011, gba ọ̀nà mìíràn: ó fi NTFS, ọ̀nà ìtòfáìlì mìíràn, to fúláàṣì náà, ó wá fi ìpín kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ UEFI bí yóò ṣe ka NTFS.

Linux rọrùn jù bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ti to ọ̀pọ̀ ISO rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bíi dísìkì. Àṣẹ kan tó:

dd if=ubuntu.iso of=/dev/sdb bs=4M

Àmọ́ dd kì í bi èèyàn pé ṣé ó dá a lójú. Bí ẹni tó ní in lọ́kàn láti kọ sdb, ìyẹn fúláàṣì, bá kọ sda, tó lè jẹ́ háàdì dísìkì inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọdún mélòó kan lè bá a lọ. Àṣẹ lsblk ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ó fi ìwọ̀n GB dá fúláàṣì mọ̀.

Fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí àwọn tó wà ní Computer Village n'Íkẹjà, ètò Ventoy tó jáde ní 2020 ló yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan la ó gbé e sórí fúláàṣì. Lẹ́yìn náà, kíkọ́pì ISO sínú rẹ̀ ti tó wàyí, á sì to gbogbo wọn síwájú ẹni láti mú. Ó tún ń dín owó dátà kù: ISO Windows 11 ju GB 5 lọ, kò yẹ kí èèyàn máa gbà á láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì.

Bí fúláàṣì bá ti wà ní sẹpẹ́, tí a sì tan ẹ̀rọ, bọ́tìnì F12 ló ń gbé àtòjọ ibi tí ẹ̀rọ lè ti búùtù jáde lórí Dell, F9 lórí HP.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Windows lè fi fúláàṣì GB 16 hàn bíi MB díẹ̀. Kò bàjẹ́. Àṣẹ clean inú diskpart, irinṣẹ́ Windows, á nù ún mọ́, a ó sì tún un fọ́máàtì. Ṣùgbọ́n kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a rí i pé fúláàṣì la yàn, torí clean náà kì í bi èèyàn.