Àbùdá, Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Arán: Ohun Tí Àwọn Àgbà Ìdíkàn Fi Han Ayé

Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dán agbára ìrántí àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 wò ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Hugh Hendrie ló ṣáájú lọ́hùn-ún. Ọmọ Èkìtì ló ṣáájú níhìn-ín: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó baba ńlá ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ. Àbùdá wọn àti tiwa sún mọ́ra, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìgbé ayé wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ tí Allen Roses àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke fi kéde, ní 1993, pé àbùdá kan tó ń jẹ́ APOE lọ́wọ́ nínú àrùn Alzheimer, ọ̀kan lára àwọn àìsàn tó ń fa arán, ìyẹn kí ìrántí àgbà máa bàjẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ara pèsè ohun tó ń gbé ọ̀rá kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ẹni tó bá jogún èyí tí wọ́n ń pè ní e4 wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Ti ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá tún wá le jù.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Ìbàdàn wò, e4 pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1995 kò rí i pé ó ń fa Alzheimer láàárín wọn. Ọdún yẹn gan-an ni Ọ̀ṣúntòkun kú. Adéṣọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Báíyéwù àti Oyè Gúrèjé ló bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2001 wọ́n ròyìn pé nínú 1,000 àgbà Yorùbá, bí 13 tàbí 14 ni arán ń bá lọ́dún kan. Ní Indianapolis, ó tó 32.

Kí ló mú ìyàtọ̀ náà wá? Lójú tèmi, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Àwọn ará Ìdíkàn kò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì pọ̀ tó tiwọn. Ní 2006 wọ́n rí i pé láàárín àwọn Yorùbá tí kò ní e4, bí ọ̀rá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe ń ga sí i ni ewu Alzheimer ń pọ̀ sí i. Ní 2011, Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń fi kún ewu arán ní Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ le, kí wọ́n sì fún. Rọpárọsẹ̀ kéékèèké lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fura, kí ìrántí sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí pé ní apá ọ̀dọ̀ wa ní àríwá Èkìtì, ìyá àgbà tó ṣìnà ọjà tàbí tó ń bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni ọ́, àwọn kan á ní ogbó ni, àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ni. Àìsàn ni, ó sì yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí mo tilẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, e4 náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn pátápátá. Nígbà tí Hendrie àti àwọn ará Ìbàdàn tún àkọsílẹ̀ wọn yẹ̀ wò ní 2014, àwọn Yorùbá tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni ewu Alzheimer pọ̀ fún. Ti àwọn tó jogún ẹyọ kan kò hàn bẹ́ẹ̀.